Táí Ṣólàrìn: Ẹni tí Kò Gbà pé Ọlọ́run Wà, tí Kò sì Dákẹ́

Láti Mowe àti Ibafo, ènìyàn kò ní rin ìrìn àjò púpọ̀ lójú títì márosẹ̀, kí ó tó yà sí Ṣàgámù, kí ó sì dé Ìkẹ́nnẹ́. Àwọn ará wa ní Ifọ̀ pàápàá mọ orúkọ ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé a mú un wá sínú ìwé Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, nítorí ó sọ ní gbangba pé òun kò gbà pé Ọlọ́run wà. Ẹ ní sùúrù díẹ̀.

Ní 20 August, 1922, ni a bí Táíwò Ṣólàrìn ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìbejì ni. Ó kàwé ní Wesley College, Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ àwọn Mẹ́tọ́díìsì, nítorí náà kì í ṣe pé kò gbọ́ Ìhìnrere. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Yunifásítì Manchester. Òun àti Sheila, aya rẹ̀ tí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, padà wá sílé, ó sì di ọ̀gá Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, ní 1952. Kò fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ náà máa ṣe ìsìn mọ́. Nígbà tí wọn kò gbà fún un, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní January 1956. Níbẹ̀, àwọn ọmọ ń roko, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé.

Ẹ kíyè sí orúkọ náà. Mayflower ni ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé àwọn Onígbàgbọ́ kan lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620, àwọn tí wọ́n sá fún ìnilára ọba nítorí ẹ̀sìn wọn. Àwa Onítẹ̀bọmi mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Thomas Helwys, ọ̀kan nínú àwọn baba wa, kọ̀wé ní 1612 pé ọba kò ní àṣẹ lórí ọkàn ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe Júù tàbí Mùsùlùmí. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi san án fún un.

Àwọn kan máa ń sọ pé àìgbàgbọ́ ni ó ń bí ìjọba aninilára. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Macías Nguema ti Equatorial Guinea ti ilé ìjọsìn pa ní 1978, lẹ́yìn tí ìwà ìkà rẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà padà wá sílé. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ Kátólíìkì ni wọ́n ti tọ́ Macías náà dàgbà.

Nílé wa ńkọ́? Gowon, ọmọ oníwàásù, kéde ní 1 October, 1974, pé àwọn ológun kò ní gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1976 mọ́. Ṣólàrìn tẹ ìwé pélébé pé òpin ìjọba náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń pín in kiri. Wọ́n mú un. Lábẹ́ Buhari, ẹni tí í máa kírun, ó tún ṣẹ̀wọ̀n ju ọdún kan lọ láìsí ìdájọ́, pẹ̀lú ikọ́ fée tí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, a ń gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó bá wọn wí?

Kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó gba ipò alága Báǹkì Àwọn Ènìyàn lọ́wọ́ Babangida ní 1989, èyí tí ó dun ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó sì dun àwa náà pé kò mọ Olùgbàlà. A kò lè fi ìgboyà rẹ̀ bo èyí mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, kí kíláàsì ka Matteu 21:28-31, kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè èwo nínú àwọn ọmọ méjèèjì náà ni ó jọ ọ́, èwo ni ó sì jọ wá.

Nígbà tí a fagi lé ìbò 12 June, 1993, baba ẹni 70 ọdún yìí tún jáde sí ìgboro pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀. Ó kú ní 1994. Àwọn ológun ṣì wà lórí oyè.