BABA ALÁDÙÚRÀ MÓSÈ ORÍMỌ́LÁDÉ TÚNỌLÁṢE ÀTI ÈKÓ LẸ́YÌN OGUN JÁMÁNÌ

 Nínú gbogbo wa tí a wọ aṣọ funfun yìí, ẹ̀ka ìjọ wa lè yàtọ̀, àmì ara aṣọ wa lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni a ó pè bí wọ́n bá bi wá pé ta ni Baba wa. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ìjọ púpọ̀. Síbẹ̀, a ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ ìyanu Baba nìkan ni àwọn ọmọ wa mọ̀. Wọn kò mọ irú ayé tí ó bá ní Èkó nígbà tí ó dé, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò bá mọ ayé ìgbà náà kò lè mọ ìdí tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn fi ń sáré tẹ̀lé arọ kan tí kò kàwé.

Ìkàrẹ́ Àkókó ni a ti bí Orímọ́ládé, ní nǹkan bí ọdún 1879. Ìdílé ọlọ́lá ni, onífá sì ni Túnọláṣe baba rẹ̀. Àwọn àgbà máa ń ròyìn ohun ìyanu tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí i àti ní ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ ó rí ìyẹn nínú ìwé ìtàn ìjọ, a kò ní tún un sọ níhìn-ín. Èyí tí kò sí iyàn jíjà nípa rẹ̀ ni pé fún ọdún púpọ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dúró. Nígbà tí ó wá ń rìn, ó ń tiro ni, ó sì tiro títí dé ọjọ́ ikú rẹ̀. Kò lọ sí ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́yàwó. Ṣùgbọ́n Bíbélì wà lórí rẹ̀ débi pé ẹnu a máa ya àwọn tó kàwé bó bá ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde láìṣí ìwé.

Nígbà tí àkókò tó, ó kúrò ní Ìkàrẹ́, ó ń wàásù kiri. Ó wàásù jákèjádò ilẹ̀ Àkókó, ó dé Kàbà, ó dé Lọ́kọ́ja, ó dé Bìní, ó tún rìn dé ilẹ̀ Haúsá. Ẹsẹ̀ tó ń tiro yìí náà ló fi rìn ín o! Bí ó ti ń rin ìrìn àjò yìí ni Ogun Jámánì ń lọ lọ́wọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ogun yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ogun òyìnbó ni, pé kò kàn wá. Ó kàn wá gidigidi. Àwọn ọmọ Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù, wọ́n tún kó wọn lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láti 1916. Àwọn sójà lọ, àwọn aláàárù tó ń ru ẹrù ogun náà sì lọ. Àìsàn àti ìyà pa nínú àwọn aláàárù wọ̀nyí ju bí ìbọn ti pa wọ́n lọ. Nílé, owó fàdákà wọ́n, ni gọ́fúmẹ́ntì bá kó owó bébà jáde. Àwọn ènìyàn wa kò gbà á tọkàntọkàn. Bí ẹlòmíràn bá gbé e lọ sọ́jà, iye tí wọ́n kọ sí i lára kọ́ ni wọ́n ń gbà á. Ṣé ẹ̀yin náà lè bá wọn wí? Bébà tí òjò lè pa!

Ní 1918 tí ogun ń parí lọ ní òkè òkun, ìgbà náà gan-an ni tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ le. Wọ́n ti gba òmìnira lọ́wọ́ Ẹ̀gbá ní 1914, wọ́n wá gbé owó orí tuntun kà wọ́n lórí ní ìbẹ̀rẹ̀ 1918. Láàárín ọdún náà ni Ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará oko hú ojú irin rélùwéè, àwọn sójà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni gọ́fúmẹ́ntì sì kó tì wọ́n. Ọmọ dúdú tó lọ bá òyìnbó jà lókè òkun ló padà wá yìnbọn sí ọmọ dúdú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ogun náà kò tíì kúrò lẹ́nu ènìyàn tí ọkọ̀ òkun fi gbé àjàkálẹ̀ àrùn influenza wọ Èkó ní oṣù kẹsàn-án, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní lùkúlùkú. Àwọn tó ṣírò rẹ̀ sọ pé àwọn tó kú ní Nàìjíríà tó bí ìdajì mílíọ̀nù. Wọ́n ti ilé ìwé, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Dókítà kò ní oògùn rẹ̀, àgbo kò sì ràn án. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's, ìgbà náà ni J. B. Ṣàdárè, Sofáyà Odùnlámì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó ara wọn jọ fún àdúrà, èyí tó jẹ́ ọ̀kan nínú orísun ìjọ Aládùúrà lónìí.

Ní 1919 sí 1920, owó kòkó, epo àti èkùrọ́ lọ sókè bí ẹyẹ, gbogbo oníṣòwò ń yọ̀. Kí ọdún 1921 tó parí, ó ti já lulẹ̀. Àwọn tó ra ọjà sílẹ̀ ní owó gọbọi wọ gbèsè. Àwọn akọ̀wé tó ń gba owó oṣù rí i pé owó náà kò ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀.

Èkó tí Orímọ́ládé dé ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje ọdún 1924 nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì Holy Trinity ní Èbúté Èrò ni ó kọ́kọ́ dé sí, lọ́dọ̀ Àlùfáà T. A. J. Ògúnbíyìí. Kò pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó kó jáde, ó sì ń lọ láti ilé dé ilé tó ń gbàdúrà fún ènìyàn. Láti ibẹ̀ ni orúkọ Baba Aládùúrà ti mọ́ ọn lára.

Ìlú tí ó wọ̀ yìí ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Àwọn Mùsùlùmí Èkó ń bá ara wọn jà, Lẹ́mọ́mù níhìn-ín, Jámáà lọ́hùn-ún. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti pín ní 1917 lórí ọ̀rọ̀ obìnrin púpọ̀. Ọba Èṣùgbàyí Elékòó àti gọ́fúmẹ́ntì kò rẹ́, pàápàá láti 1920 tí Herbert Macaulay bá Olóyè Olúwá lọ sí London lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá, tó sì gbé ọ̀pá Ọba dání lọ. Ilé ẹjọ́ ńlá ní London dá Olóyè Olúwá láre ní 1921, ṣùgbọ́n gọ́fúmẹ́ntì ti sọ pé àwọn kò ka Elékòó sí ọba mọ́. Inú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè wà lẹ́yìn Elékòó kí àbúrò wà lẹ́yìn gọ́fúmẹ́ntì. Ní 1923 wọ́n dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ Macaulay sì kó ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fún Èkó. Ìbò wo ni? Ọkùnrin tó ń rí pọ́ọ̀nù 100 lọ́dún nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Obìnrin kankan kò dì í. Alájàpá, apẹja, káfíńtà, ọmọ iṣẹ́ rélùwéè, kò kàn wọ́n.

Ẹ wá fọkàn bá wa lọ sí ọdún 1925. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, àwọn Àgùdà ń ṣe ọdún Corpus Christi ní Campos Square. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Kristiánà Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ẹni nǹkan bí ọdún méjìdínlógún, lọ wòran, ó sì rí áńgẹ́lì kan níbẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wọ ojúran, kò sì ta pútú. Àwọn ará ilé rẹ̀ ránṣẹ́ pe Baba Aládùúrà. Baba tiro dé, ó gbàdúrà, ọmọ náà sì jí, ó ń ròyìn ohun tí ó rí. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tìrítìrí lọ síbẹ̀ láti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé àdúrà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, gọ́fúmẹ́ntì yọ Èṣùgbàyí lórí oyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ìlú gbóná. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn ààwẹ̀ àti àdúrà, ẹgbẹ́ náà gba orúkọ Séráfù. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Kérúbù kún un. A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bá ara wọn tan. Lójú tiwa, ìlú kan náà ni. Àwọn tí wọ́n ń bínú sí lílé Ọba lọ àti àwọn tí inú wọn dùn sí i jọ ń wá síbi àdúrà kan náà, wọ́n ń wọ aṣọ funfun kan náà, wọ́n ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kan náà. Baba kò bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ẹgbẹ́ wo ni ó ń bá ṣe. Àwọn kan pe èyí ní ìbẹ̀rù. A kò gbà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í dojú kọ òrìṣà, oògùn àti àjẹ́ ní gbangba bí àwọn Séráfù ti ṣe nígbà náà, tí ọ̀pọ̀ ìlú àti àwọn ìjọ àgbà kò fẹ́ wọn.

Nǹkan mìíràn tún wà. Obìnrin tí kò lè dìbò ní Èkó di aṣáájú nínú Kérúbù àti Séráfù. Àbíọ́dún di Kápítéènì, ní 1927 ó sì ṣáájú àwọn ajíhìnrere lọ sí àwọn ìlú Yorùbá, Baba sì dúró ní Èkó. Kápítéènì, Balógun, Ọmọ Ogun Séráfù, Míkáẹ́lì mímọ́ Balógun ogun ọ̀run: ẹ ò rí i pé orúkọ ogun ló pọ̀ jù? Èrò tiwa ni pé ìran tó rí sójà tó ń yan lójú títì, tó rí àwọn tó bógun lọ tí kò bọ̀, mọ ohun tí wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n yan ogun tí kò ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ó dùn wá láti kọ èyí tó kàn, ṣùgbọ́n ìtàn tí a bá bù kù kì í ṣe ìtàn mọ́. Ìjà tí Baba fi dúró sójú kan nígboro wá bá a nínú ilé. Ta ni olùdásílẹ̀? Àwọn alátìlẹ́yìn Àbíọ́dún ní àwọn méjèèjì ni. Àwọn tó yí Baba ká ní òun nìkan ni, pé ọmọ ni Àbíọ́dún. Ní 1929, ìwé jáde láti ọ̀dọ̀ Baba pé kí ó kó àwọn tó bá fẹ́ tẹ̀ lé e, kí ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Baba kò mọ̀wé kọ, ẹlòmíràn ló di kálàmù mú, a sì máa ń rò ó pé ká ní wọ́n jókòó lójúkojú ni, bóyá ìwé náà kì bá jáde. Àwọn àgbà tó wà láàárín wọn ló yẹ kí wọ́n bu omi sí i. Epo ni wọ́n bù sí i. Ní 1930 Ẹgbẹ́ Aládùúrà, lábẹ́ Ezekiel Davies, tún yà lọ. Àwọn ìjọ ẹ̀yìn odi náà ń dá dúró, nítorí ó sú wọn láti máa gba ìròyìn ìjà láti Èkó. Àwọn tó kù pẹ̀lú Baba fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ gọ́fúmẹ́ntì ní 1930 gẹ́gẹ́ bí Ẹgbẹ́ Mímọ́ Ayérayé ti Kérúbù àti Séráfù.

Ní 1931, Èṣùgbàyí padà sí Èkó, ìlú jó, ìlú yọ̀. Ìyẹn ni pé ìjà Ọba àti gọ́fúmẹ́ntì rí ojútùú kí ìjà tiwa tó rí i.

Baba ti kúrò láàárín ìlú, ó ti lọ fi Òjókòrò, lọ́nà Agége, ṣe ibùgbé. Ibẹ̀ ló sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1933, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, tí àwọn ọmọ ìjọ sì ń lọ títí dòní. Abraham Onanuga ni ó fà lé iṣẹ́ lọ́wọ́. Peter Ọmọ́jọlá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti àwọn tirẹ̀ kò gbà, wọ́n sì ya ọ̀tọ̀. Kápítéènì Àbíọ́dún lo ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta sí i láyé lẹ́yìn Baba. 1994 ló tó lọ bá a.