T. K. Ekúndayọ̀ Phillips àti Ohùn Ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú Orin Kérésìmesì

Ìfáàrà
Ní Ìlasà-Èkìtì, ní Ìkẹ́rẹ́ àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Èkìtì mìíràn, orin wà lára ohun tí a fi ń mọ̀ pé ọdún Kérésìmesì ti dé. Púpọ̀ nínú àwọn orin náà ni a túmọ̀ láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì ń kọ ní ohùn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ wọ́n. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ohùn orin bá tako ohùn ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ á sọnù. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó yẹ ìgbésí ayé Thomas King Ekúndayọ̀ Phillips wò, ẹni tí ó wá ojútùú sí ìṣòro náà.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀
Ọdún 1884 ni a bí Phillips. Bàbá rẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere ní Oǹdó ní ọdún 1877, tí ó sì wà lára àwọn onílàjà tí wọ́n ṣe wàhálà kí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886. Ilé Ẹ̀kọ́ Gírámà CMS ní Èkó ni ọmọ náà lọ. Kò ju ọmọ ọdún 18 lọ tí ó fi di ẹni tí ń tẹ dùùrù ní ìjọ St. Paul, Breadfruit. Láti ọdún 1911 dé 1914, ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College of Music, Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà, ó di ọ̀gá orin ní ilé ìjọsìn tí a mọ̀ lónìí sí Katidira ti Kristi, Marina. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí di ọdún 1962.

Iṣẹ́ Rẹ̀ lórí Orin Ìsìn
Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Nínú ọ̀rọ̀ náà ìyá, ohùn gbọ́dọ̀ gòkè. Bí ohùn orin kò bá gòkè níbẹ̀, ìyà ni etí á gbọ́. Ẹni tí ó fẹ́ yin ìyá tí ó bí Jésù á wá máa dárúkọ ìyà. Kódà, bí ohùn bá bá ẹsẹ kìn-ín-ní mu, ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì lè tún bà á jẹ́.

Phillips kò kọ orin òyìnbó sílẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni pé kí ohùn orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, kí a sì lo ìlànà ohùn márùn-ún tí ó wà nínú orin àbáláyé. Ó ṣe orin Yorùbá fún Orin Màríà àti Orin Síméónì. Inú Ìhìnrere Lúùkù ni méjèèjì ti wá. Màríà kọ tirẹ̀ nígbà tí ó lọ kí Èlísábẹ́ẹ̀tì. Síméónì kọ tirẹ̀ nígbà tí a gbé Jésù wá sí Tẹ́ḿpìlì. Ọjọ́ kejì oṣù Kejì ni Ìjọ ń ṣe ọdún ìgbéwá náà, nígbà tí ó bá pé ogójì ọjọ́ sí ọjọ́ Kérésìmesì. Orin ìbí Jésù ni wọ́n, bí a tilẹ̀ ń kọ wọ́n nínú ìsìn àṣálẹ́ yípo ọdún.

Ní ọdún 1953, ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní Johannesburg. Fẹlá Ṣówándé wà lára àwọn tí ó kọ́ ní iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀, Charles Ọbáyọ̀mí, ni ó gba ipò rẹ̀. Phillips kú ní ọdún 1969.

Ìgúnlẹ̀
Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìgbésí ayé yìí jẹ́ fún olùkọ́ èdè. A kò ní kí a pa àwọn orin àtúmọ̀ tì, nítorí wọ́n ti wọ àwọn ènìyàn lára. Ṣùgbọ́n kí a tó kọ́ ọmọ ní orin ọdún, ó yẹ kí a kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè, kí a tó fi ohùn sí i. Níbi tí ìtumọ̀ bá ti yẹ̀, kí a ṣàlàyé fún un. Ọmọ tí kò mọ ìyá yàtọ̀ sí ìyà nínú orin kò tíì mọ ohun tí ó ń kọ.