William Herschel: Ẹni Tí Ó Rí Ìtànṣán Tí Ojú Kò Rí

Ìlú Hanover ní ilẹ̀ Jámánì ni a bí William Herschel sí ní ọdún 1738. Ogun ni ó lé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1757. Orin ni ó sì fi ń jẹun níbẹ̀. Ní 1800, ó fi gíláàsì pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ rẹ̀, ó gbé òṣùwọ̀n ooru sí ẹ̀yìn àwọ̀ pupa, níbi tí ojú kò ti rí ohunkóhun. Ooru ibẹ̀ ju ti gbogbo àwọ̀ lọ.

Ó kú ní 1822, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kú. Ní 1956, Glover àti Tinkham ní Amẹ́ríkà tan irú ìtànṣán yìí sí òjé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a mú tutù dé ibi tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdíwọ́. Wọ́n rí i pé òjé náà kì í gbé ìtànṣán tí agbára rẹ̀ kò bá tó ìwọ̀n kan mì. Ẹni tí ogun lé kúrò nílé ni ó la ọ̀nà náà.