Béhanzin

Béhanzin (nǹkan bí ọdún 1845 – ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1906) jẹ́ ọba Dàhòmì, ìjọba àwọn Fọ̀n tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Àgbómẹ̀, ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Benin òde òní. Òun ni ó bá ilẹ̀ Faransé jagun láàárín ọdún 1890 sí ọdún 1894, kí ìjọba àwọn baba rẹ̀ má baà bọ́ sábẹ́ àjèjì. Ogun náà kò yọrí sí ìṣẹ́gun. Wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n gbé e lọ sí ìgbèkùn ní erékùṣù Martinique, ìlú Algiers ni ó sì kú sí. Ní orílẹ̀-èdè Benin, akọni tí ó kọjú ìjà sí amúnisìn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Kétu, ní Yewa àti ní Abẹ́òkúta, ìrántí mìíràn tún wà nípa ìjọba rẹ̀, nítorí pé láti àwọn àgbègbè wọ̀nyí ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú àwọn ẹrú tí ń ṣiṣẹ́ ní oko Dàhòmì.

Ìdílé àti orúkọ rẹ̀

Ọmọ ọba Glele ni Béhanzin, ọba Ghezo sì ni baba baba rẹ̀. Kondo ni wọ́n ń pè é nígbà tí ó ṣì jẹ́ àrẹ̀mọ. Ìgbà tí ó gorí oyè ni ó gba orúkọ Béhanzin, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Fọ̀n dá lórí ẹyin tí ayé gbé dání tí ilẹ̀ sì ń fẹ́. Àṣà àwọn ọba Àgbómẹ̀ ni pé kí olúkúlùkù wọn ní àmì tirẹ̀. Kìnnìún ni ti Glele. Béhanzin mú àkurákùdà, ẹja ńlá inú òkun tí í pa ènìyàn, ṣe àmì tirẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: etíkun ni òyìnbó ń gbà wọ ilẹ̀, ẹja tí ń ṣọ́ ẹnu òkun sì jẹ́ ìkìlọ̀ fún wọn.

Dàhòmì àti àwọn ìlú Yorùbá

Dàhòmì fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn wà lábẹ́ ìjọba ẹlòmíràn. Láti nǹkan bí ọdún 1730 ni ó ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin Ọ̀yọ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń wó lọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1820, Ghezo já ìdè náà. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ yí padà, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ni ó ń wá ẹrú káàkiri ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá.

Ní ọdún 1844, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Adó, ìlú tí ó wà lónìí nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Ọ̀tà àti Ìgbẹsà, wọ́n ṣẹ́gun Ghezo nítòsí ibẹ̀, àpótí ọba náà sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ìtìjú yìí wà lára ohun tí ó gbé Ghezo wá sí Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹta ọdún 1851. Glele tún padà wá ní oṣù Kẹta ọdún 1864. Ìgbà méjèèjì ni wọ́n sá padà lẹ́yìn odi. Àwọn ìlú mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa Òkè-Ọ̀dàn run ní ọdún 1848, wọ́n sì pa Ìṣagà run ní ọdún 1862. Kétu, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún yàrà rẹ̀ àti ẹnu-odi Àkàbà Ìdẹnà, ṣubú ní ọdún 1886. Ní ọdún yìí, àgbàlagbà ni Kondo, ọdún mẹ́ta péré ni ó sì kù kí ó jọba.

Wọ́n ta díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n kó lógun, wọ́n fi àwọn mìíràn rúbọ nígbà ọdún ọba, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì kó lọ sí oko ọ̀pẹ ní àyíká Àgbómẹ̀. Epo pupa ni Dàhòmì ń tà fún òyìnbó lẹ́yìn tí òwò ẹrú gba orí òkun ti dáwọ́ dúró. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn ẹrú, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, ni ó gbé ọrọ̀ ìjọba náà ró. Ìtàn ogun Béhanzin kò lè yéni dáadáa bí a kò bá mú èyí mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ Kùtọnú

Ilẹ̀ Faransé sọ pé àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1868 àti ọdún 1878 ti fún àwọn ní Kùtọnú. Glele kò gbà. Èrò rẹ̀ ni pé ọba Dàhòmì kan kò lè fi ilẹ̀ baba rẹ̀ tọrẹ, àti pé àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé kò ní àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún ni ti Toffa, ọba Àjàṣẹ́, ẹni tí ó ti fi ara rẹ̀ sábẹ́ ààbò ilẹ̀ Faransé. Dàhòmì ka Àjàṣẹ́ sí ìlú tí ó yẹ kí ó máa sìn ín, ọmọ ogun rẹ̀ a sì máa kọlu àwọn abúlé tí ó wà lábẹ́ Toffa.

Ní òpin ọdún 1889, Jean Bayol, aṣojú ilẹ̀ Faransé, lọ sí Àgbómẹ̀ láti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àìsàn ti dá Glele gúnlẹ̀, Kondo ni ó sì dá a lóhùn. Wọn kò fohùn ṣọ̀kan. Kí oṣù Kejìlá tó parí ni Glele wàjà, àrẹ̀mọ sì bọ́ sórí ìtẹ́ pẹ̀lú ogun lẹ́nu ọ̀nà.

Ogun àkọ́kọ́

Ní oṣù Kejì ọdún 1890, àwọn Faransé gba Kùtọnú, wọ́n sì mú àwọn ìjòyè Dàhòmì tí ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ ogun Béhanzin, tọkùnrin tobìnrin, ya lu ibùdó wọn. Wọ́n jà kíkan, ṣùgbọ́n ìbọn Faransé pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Ìjà mìíràn tún wáyé ní Atchoupa, lẹ́yìn Àjàṣẹ́, ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin.

Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ouidah ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1890 fi Kùtọnú sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Faransé, Dàhòmì sì gbà láti fi Àjàṣẹ́ lọ́rùn sílẹ̀. Ilẹ̀ Faransé yóò máa san 20,000 owó franc fún ọba lọ́dọọdún. Paríkòókò lásán ni. Béhanzin bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìbọn ìgbàlódé àti àgbá lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì ní Ouidah, ènìyàn sì wà lára ohun tí ó fi ń sanwó. Ní ọdún 1891, Karl von Gravenreuth ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹrú ní Dàhòmì láti lọ ṣe iṣẹ́ fún ìjọba Jámánì ní Kamẹrúùnù. Àwọn ẹrú wọ̀nyí, tí wọ́n sọ di ọmọ ogun láìsan owó fún wọn, dìtẹ̀ ní ìlú Douala ní oṣù Kejìlá ọdún 1893, lẹ́yìn tí wọ́n na àwọn obìnrin wọn ní pàṣán. Bí wọ́n ṣe ń jà fún òmìnira tiwọn níbẹ̀ ni ọba tí ó tà wọ́n ń sá kiri nínú igbó nítorí òmìnira tirẹ̀.

Ogun kejì

Ní oṣù Kẹta ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì yìnbọn lu ọkọ̀ ogun kan tí ó gbé Victor Ballot, olórí àwọn Faransé ní àgbègbè náà, lórí odò Wẹ̀mẹ̀. Ohun tí ilẹ̀ Faransé ń wá nìyẹn. Wọ́n yan Alfred-Amédée Dodds láti lọ gba Àgbómẹ̀. Ìlú Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl ni wọ́n ti bí Dodds, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú sì wà nínú ìdílé rẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun tí ó kó gòkè, ẹgbẹẹgbẹ̀rún alárù sì ń tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n gba ẹ̀bá odò gòkè. Àwọn Fọ̀n kò jẹ́ kí wọ́n sinmi: wọ́n bá wọn jà ní Dogba ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, ní Poguessa ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ní Adégon ní ọjọ́ 6 oṣù náà, ní Akpa, àti ní Kana ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Àwọn ará Faransé fúnra wọn jẹ́rìí sí ìgboyà àwọn jagunjagun obìnrin, tí wọ́n wà ní iwájú ogun. Ṣùgbọ́n ìbọn Faransé ń dún léraléra, ó sì ń ta jìnnà. Nígbà tí wọ́n bá sì súnmọ́ ara wọn, àwọn ọmọ ogun Dodds a fi ọ̀bẹ gígùn tí wọ́n so mọ́ ẹnu ìbọn ya lu wọn. Àwọn jagunjagun tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kú tán díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ẹni tí a lè fi dípò wọn.

Ní àkókò yìí kan náà, ilé ń jó láti inú. Bí ìròyìn ìṣubú ti ń dé, àwọn ẹrú Yorùbá tí ó wà ní oko bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ, oúnjẹ ogun sì di ọ̀wọ́n. Béhanzin ń bẹ àwọn ènìyàn láti gba ilẹ̀ kan sílẹ̀ tí àwọn mìíràn ti wà nínú ìdè lórí rẹ̀, àwọn wọ̀nyí kò sì rí ìdí tí wọn yóò fi dúró. Ó ránṣẹ́ àlàáfíà sí Dodds, ṣùgbọ́n ohun tí Dodds béèrè pọ̀ ju èyí tí ọba lè gbà lọ. Kí àwọn Faransé tó wọ Àgbómẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, ọba ti dáná sun ààfin, ó sì ti gba ìhà àríwá lọ.

Ó lé ní ọdún kan tí ó fi wà nínú igbó. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1894, àwọn Faransé fi arákùnrin rẹ̀, Agoli-Agbo, jọba ní Àgbómẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní Goho. Agoli-Agbo pẹ̀lú kò pẹ́ lórí oyè: ní ọdún 1900, wọ́n rọ òun náà, wọ́n sì gbé e lọ sí Gabon.

Ìgbèkùn àti ikú

Wọ́n kó Béhanzin, díẹ̀ nínú àwọn ayaba, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ àti Ouanilo ọmọkùnrin rẹ̀ lọ sí Martinique, wọ́n sì fi wọ́n sí ilé odi Tartenson ní Fort-de-France. Ọdún méjìlá ni ó lò níbẹ̀. Ó ń kọ lẹ́tà léraléra sí àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sílé, wọn kò sì gbà. Ní ọdún 1906, wọ́n gbé e lọ sí Àlgéríà. Ọdún náà kò tíì parí tí ó fi kú ní Algiers.

Ouanilo kàwé, ó sì di agbẹjọ́rò ní ilẹ̀ Faransé. Òun ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òkú baba rẹ̀ sùn. Ní ọdún 1928, ó gbé egungun Béhanzin dé Àgbómẹ̀, wọ́n sì sin ín sílé. Nígbà tí ó ń padà lọ, òun fúnra rẹ̀ kú ní Dakar. Ọdún 2006 ni egungun tirẹ̀ tó padà dé Àgbómẹ̀.

Lẹ́yìn ogun

Àwọn ará Kétu tí ó bọ́ lóko ẹrú nígbà tí Àgbómẹ̀ ṣubú padà sórí ahoro wọn, wọ́n sì tún ìlú náà tẹ̀ dó, ṣùgbọ́n abẹ́ àṣẹ ilẹ̀ Faransé ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ní Goho, níbi tí Béhanzin ti jọ̀wọ́ ara rẹ̀, ère rẹ̀ dúró, ó na ọwọ́ síwájú bí ẹni tí ń dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà. Àwọn ohun tí Dodds kó nínú ààfin wà ní Paris fún ọdún tí ó lé ní 120. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, 26 nínú wọn padà sí orílẹ̀-èdè Benin, ère Béhanzin tí ó ní orí àkurákùdà, iṣẹ́ ọwọ́ Sossa Dede, sì wà lára wọn.