Fátúmbí: Onífọ́tò Tó Di Babaláwo

 

Bí ẹnì kan bá gbé kámẹ́rà wọ Main Market ní Onitsha, tó ń ya àwọn ọlọ́jà láìkí wọn, láìra nǹkan kan, kò ní í pẹ́ tí wọn yóò fi bi í pé ta ló rán an níṣẹ́. Bí ti ọjà bá rí báyìí, mélòó-mélòó wá ni ti ojúbọ òrìṣà? Ìdí nìyẹn tí a fi mú ìtàn Pierre Verger wá fún yín.

Paris ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1902. Bàbá rẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé, owó ò wọ́n wọn. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ò bá Pierre lára mu, kò tilẹ̀ ka girama parí. Ní 1932 ó kọ́ fọ́tò yíyà, ó sì ní kámẹ́rà Rolleiflex. Ọdún yẹn náà ni ìyá rẹ̀ kú. Kò sí ẹni tí yóò dá a dúró nílé mọ́, ló bá kó ẹrù rẹ̀.

Ní 1934, ìwé ìròyìn Paris-Soir rán an yí ayé ká. Ó dé Amẹ́ríkà, ó dé Japan, ó dé China. Ní Japan, ilé òrìṣà àti ọgbà ẹlẹ́wà sábà máa ń wà pọ̀. Àlejò á bọ́ bàtà, á wò yí ká, á sì máa lọ. Bí Verger náà ṣe ń rìn nígbà yẹn nìyẹn: ó dé, ó yà, ó lọ.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1946 ló gúnlẹ̀ sí Salvador, ní Bahia, ilẹ̀ Brazil. Ibẹ̀ ló ti bá àwọn ọmọ ọmọ ẹrú tí wọ́n ṣì ń fi èdè Yorùbá kọrin fún Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja. Ìyálórìṣà ńlá kan, Mãe Senhora, gbà á bí ọmọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Verger ò lọ mọ́. Ó jókòó.

Ní 1948 ó gba owó ìwádìí lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ IFAN ní Dakar, láti wá orísun ohun tó rí ní Bahia. Ó rò pé fọ́tò nìkan ti tó. Ọ̀gá ibẹ̀, Théodore Monod, ní rárá o, kó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀. Bó ṣe di pé ó ń béèrè ọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹni tó ń béèrè sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n lè sọ fún. Ní 1952 ó mú lẹ́tà Aláàfin Ọ̀yọ́ lọ fún Mãe Senhora, pẹ̀lú ṣẹ́rẹ́ àti ẹdùn àrá. Nígbà tó di 1953, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu, wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí: Ifá tún un bí.

Ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn ṣá o. Ó tẹ àwòrán àwọn ètùtù kan jáde nínú ìwé, àwọn kan sì ń bi ara wọn léèrè títí dòní bóyá ó tọ́. Òun fúnra rẹ̀ náà gbà pé òrìṣà ò gùn òun rí, pé làákàyè Faransé òun kì í jẹ́.

Ẹni tí kò ka girama parí yìí gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Sorbonne ní 1966, lórí òwò ẹrú láàárín ilẹ̀ wa àti Bahia. Ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ní 1995, ìwé rẹ̀ lórí ewé àti ọfọ̀ wọn jáde. Ó kú ní Salvador ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1996, lẹ́ni ọdún 93. Fọ́tò tó lé ní 60,000 wà ní ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1988.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí a bá gba họ́lidé, tí fóònù padà sọ́wọ́ yín, tí ẹ dé ojúbọ tàbí ojúde ọba ìlú yín, ẹ kọ́kọ́ kí onílé. Ẹ béèrè, kí ẹ dúró gbọ́ èsì. Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ gbé fóònù sápò, kí ẹ jókòó gbọ́ ìtàn. Ẹni tó bá jókòó pẹ́, wọn yóò fi inú ilé hàn án.