WILLIAM BATESON: ONÍMỌ̀ TÍ Ó WÁDÌÍ ORÍKÈÉ ARA

 

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ìjọ mọ́sálásí, ẹ fi ọwọ́ tọ́ eegun ẹ̀yìn yín wò. Kì í ṣe ẹyọ kan gbọọrọ, oríkèé-oríkèé ni. Ti ọrùn kì í ní eegun ìhà, ti àyà ni ó ní in. Àwa mọ̀ pé Ọlọ́hun ni Ẹlẹ́dàá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni Ó gbà tò wọ́n báyìí? Ìbéèrè yìí wà lára ohun tí William Bateson fi ayé rẹ̀ wá. Kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú ìtàn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ń wá ìmọ̀.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1861 ní ìlú Whitby, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní kékeré, àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò retí ohun ńlá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé Yunifásítì Cambridge, ó yege gidigidi. Ní ọdún 1883 ó lọ sí Amẹ́ríkà láti wo ẹranko inú òkun kan tí ó dà bí ekòló. Ní ọdún 1886 ó tún lọ sí àwọn adágún omi ní Àárín Gbùngbùn Éṣíà, láàárín àwọn Mùsùlùmí Kasaki, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju ọdún kan lọ.

Ní ọdún 1894 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde. Ó kó ohun àrà 886 jọ sínú rẹ̀: ẹni tí eegun ìhà hù sí ní ọrùn, kòkòrò tí ẹsẹ̀ hù sí ní ipò ìwo. Ó rí i pé oríkèé kan lè gbé àwòrán òmíràn wọ̀. Ó tún rò pé bí ìgbì omi ṣe ń fi ìlà-ìlà sí iyanrìn etí òkun ni oríkèé ara ṣe ń jáde. Díẹ̀ ni ó gbà á gbọ́. Fún ọdún púpọ̀, iṣẹ́ àbójútó ilé ìdáná kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ wà lára ohun tí ó fi ń jẹun.

Ní ọdún 1900 ó ka iṣẹ́ Mendel lórí àjogúnbá ẹ̀wà, ó sì gbèjà rẹ̀ láìbẹ̀rù. Òun ni ó fún ìmọ̀ náà ní orúkọ jẹnẹ́tíìsì ní ọdún 1905.

Ṣùgbọ́n òun náà ṣàṣìṣe. Nígbà tí Morgan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé orí krómósóòmù ni jíìnì wà, Bateson kọ̀ ọ́ fún ọdún púpọ̀. Ní òpin ọdún 1921 ó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ náà ní New York. Lẹ́yìn èyí, ó dìde ní Toronto níwájú ọ̀pọ̀ onímọ̀, ó sì gbà pé òótọ́ ni. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni nígbà náà. Ó kú ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1926.

Ní ọdún 1984, àwọn onímọ̀ rí irú àwọn jíìnì tí ń sọ fún oríkèé kọ̀ọ̀kan ohun tí yóò jẹ́. Nígbà tí wọ́n pa díẹ̀ nínú wọn lẹ́nu iṣẹ́ lára èkúté, eegun ìhà hù níbi ìbàdí. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé rí jíìnì kan nínú ọlẹ̀ adìyẹ tí ń tàn tí ó sì ń kú bí iná, ní ìṣẹ́jú 90-90. Ó ń lọ bí ìgbì láti ìrù sí iwájú, bí ó bá sì ti yípo lẹ́ẹ̀kan, oríkèé méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, á jáde. Ìgbì tí Bateson rò kò jìnnà sí òótọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gàn lé yín kúrò lẹ́nu ìwádìí. Bí ẹ̀rí bá sì dé, ẹ má tìjú láti sọ pé ẹ ṣàṣìṣe. Èyí èkejì ni ó ṣòro jù, òun náà ni a fi ń mọ onímọ̀ òdodo.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣàǹfààní àti ọkàn tí ń tẹríba fún òdodo. Àmín.