Eduard Zintl

Eduard Zintl (21 Oṣù Kínní 1898 – 17 Oṣù Kínní 1941) jẹ́ onímọ̀ kẹ́místrì ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì. Ó gbajúmọ̀ fún ìwádìí rẹ̀ lórí bí átọ̀mù ṣe ń tò nínú krístálì àwọn àpòpọ̀ mẹ́tálì, lára èyí tí háídráìdì wà, ìyẹn àpòpọ̀ mẹ́tálì pẹ̀lú háídrójìn. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àwọn àpòpọ̀ tí a mọ̀ sí fésì Zintl.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìlú Weiden ní Bàfáríà ni wọ́n bí Zintl sí. Ó gbé ní Bayreuth kí ó tó parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Munich. Ó ṣiṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, lẹ́yìn náà ni ó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́místrì ní Yunifásítì Munich. Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ ni Otto Hönigschmid, ẹni tí a mọ̀ fún wíwọn ìwúwo átọ̀mù láìsí àṣìṣe. Zintl gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1923. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Freiburg ní 1928, ó sì kọjá sí Darmstadt ní 1933.

Ìwádìí lórí háídráìdì

Háídráìdì kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí omi bá kan sódíọ̀m háídráìdì, kíá ni háídrójìn yóò tú jáde pẹ̀lú ooru. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ pàápàá tó láti bà á jẹ́. Nítorí náà, inú ohun èlò tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni a ti gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ìṣòro kejì wà lára ìtànṣán X fúnra rẹ̀. Ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù inú átọ̀mù ni ó ń tú ìtànṣán yìí ká. Sódíọ̀m ní ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù 11, sísíọ̀m ní 55, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ni háídrójìn ní. Ìtànṣán X yóò fi ibi tí mẹ́tálì wà hàn kedere, háídrójìn yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ farasin pátápátá.

Ní Nẹ́dálándì, J. M. Bijvoet àti A. Karssen ti yẹ líthíọ̀m háídráìdì wò ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920. Ní 1931, Zintl àti A. Harder tẹ iṣẹ́ jáde lórí háídráìdì àwọn mẹ́tálì alkálì. Wọ́n rí i pé mẹ́tálì inú wọn tò gẹ́gẹ́ bí sódíọ̀m ṣe tò nínú iyọ̀ tí a ń jẹ. Láti ara èyí ni a fi mọ ibi tí ó yẹ kí háídrójìn wà: ipò klórínì ni ó gbà, átọ̀mù mẹ́tálì mẹ́fà sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Etí igun-mẹ́rin kan nínú krístálì sódíọ̀m háídráìdì jẹ́ nǹkan bíi nánómítà 0.488, ti iyọ̀ jẹ́ 0.564.

Ìtò yìí bá èrò náà mu pé háídrójìn gba ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù lọ́wọ́ mẹ́tálì, ó sì di íónì òdì bíi ti klórínì. Inú ásíìdì, háídrójìn ni ó ń pàdánù ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù. Níhìn-ín, òun ni ó ń gbà á. Ní 1935, Zintl àti Harder tẹ ìwádìí jáde lórí kálsíọ̀m háídráìdì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Fésì Zintl

Ní 1932, Zintl àti W. Dullenkopf ṣàlàyé krístálì àpòpọ̀ sódíọ̀m àti thálíọ̀m. Sódíọ̀m fi ẹ̀lẹ́ktrọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀ fún thálíọ̀m, àwọn átọ̀mù thálíọ̀m sì so mọ́ ara wọn bí kábọ́nù ṣe so mọ́ra nínú dáyámọ́ǹdì.

Ikú àti ogún

Zintl kú ní Darmstadt nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó pé ẹni ọdún 43. Ní ọdún kan náà ni Fritz Laves dá orúkọ fésì Zintl sílẹ̀.

Ọdún 1948 ni a tó rí ipò háídrójìn gan-an. Ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà, Clifford Shull, Ernest Wollan àti àwọn akẹgbẹ́ wọn lo nẹ́útrọ̀nù, èyí tí kókó àárín átọ̀mù ń tú ká, láti yẹ sódíọ̀m háídráìdì wò. Wọ́n bá háídrójìn ní ipò tí ìtò bíi ti iyọ̀ yàn fún un. Zintl ti kú fún ọdún méje nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí kẹ́místrì kan ní Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Darmstadt ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.